Èèkù Idà sí Òsì

Pẹpẹ idà kan wà nílé Tokizo tí kò sí idà kankan lórí rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kan ni ìdí rẹ̀, òpó kéékèèké méjì dúró lórí igi náà, orí òpó kọ̀ọ̀kan sì ní ìtẹ́ kan tí wọ́n gbẹ́ fún idà láti jókòó sí. Ó parí. Bàbá Tokizo ló ṣe é, nígbà tí ìjọba àwọn jagunjagun àtijọ́ wó, tí ọkùnrin náà fi ogun sílẹ̀ tó sì lọ kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kí ebi má baà pa á. Idà rẹ̀ wà lórí pẹpẹ yẹn títí ogun ńlá fi parí, tí àwọn sójà òyìnbó tó gba ìlú sì pàṣẹ pé kí ilé gbogbo kó idà wọn jáde. Tokizo fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ wé e, ó gbé e lọ sí tésàn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ó padà wálé, ó jẹ ìrẹsì rẹ̀, kò sì dárúkọ idà náà mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé pẹpẹ náà kúrò láyè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú láìpẹ́ sígbà náà. Mineyo, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wá ń nu eruku ara pẹpẹ náà láràárọ̀, ó ń nù ún bí ẹni ń nu àwo, kì í wò ó.

Ẹni tó bá ń gbé Uzumasa, ní ìwọ̀ oòrùn Kyoto, láyé ìgbà náà, sinimá ló ń jẹ, sinimá ló ń mu. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya fíìmù pọ̀ níbẹ̀ débi pé lọ́sàn-án, o lè rí jagunjagun tí wọ́n ti pa láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ayédèrú ṣì wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀, tó tò sórí ìlà láti ra núdù. Kò sẹ́ni tó ń wo irú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ Tokizo ni láti ṣe pẹpẹ idà fún àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní kí ló wà nínú ìyẹn, ṣebí igi mẹ́ta ni. Kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ jọ èyí tó wà lẹ́yìn olówó, ẹni tó bá sì ń parọ́ pé ìdílé jagunjagun lòun ti wá, pẹpẹ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tuntun jù díẹ̀. Àwọn èrò inú ilé sinimá kì í mọ̀ pé àwọn rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i.

Láwọn ọdún tí àwọn òyìnbó ò fi jẹ́ kí wọ́n ya fíìmù onídà, ìdí bàtà onígi ni Tokizo ń gbẹ́. Kò ráhùn, àmọ́ bó ṣe máa ń wo bàtà kọ̀ọ̀kan, wàá rò pé bàtà náà bú u ni. Nígbà tí wọ́n mú òfin náà kúrò, iṣẹ́ rọ́ dé, ó sì ń ṣe é lọ títí di ìgbà òtútù kan tó jí láàárọ̀ tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè mú igi tín-ín-rín méjì tí wọ́n fi ń jẹun mọ́. Wọ́n tọ́jú ọwọ́ náà, ó padà dé ààbọ̀. Ó lè di ife tíì mú, àmọ́ kò lè gé ìlà tó tọ́. Ayùn rẹ̀, èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, títí kan Mineyo, ó fi aṣọ tí wọ́n ti fi òróró pa wé e, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́.

Mineyo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó mọ̀ lẹ́yìn èyí. Láti kékeré ló ti ń fági, tó ń fi bébà oníyanrìn dán igi, tó ń kun ọ̀dà. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣe ni gbígbẹ́ ìtẹ́. Ìyẹn ni ọkàn pẹpẹ, ọwọ́ Tokizo nìkan ló sì ń ṣe é.

Hatanaka ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Òun ni olórí àwọn tó ń wá ẹrù tí wọ́n ń lò nínú fíìmù, ènìyàn dáadáa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ yìí, ó ṣí fìlà kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù, àyà Mineyo sì já, torí Hatanaka kì í ṣí fìlà níbi ìsìnkú pàápàá. Ó ní fíìmù tuntun kan ń bọ̀, wọ́n nílò pẹpẹ idà kan tó máa fara hàn ju ti ìgbàkigbà lọ. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì fẹ́ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Osaka tí ẹ̀rọ ti ń gé e jáde bí ẹni ń gé búrẹ́dì, àmọ́ òun ti bẹ̀ wọ́n pé kí Mineyo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Bí pẹpẹ náà bá dára, Mineyo á máa ṣe iṣẹ́ náà lọ ní ipò bàbá rẹ̀. Bí kò bá dára, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, torí inú ọgbà ilé iṣẹ́ ló wà, àwọn tó ń tan iná sì ti ń wo ibẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn á máa kó iná àwọn sí.

Mineyo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń rán aṣọ ní Nagoya ti sọ ọ́ fún un ju ìgbà kan lọ pé àyè wà lọ́dọ̀ òun. Kò kórìíra àbúrò ìyá rẹ̀. Kò kàn lè fojú inú wo ọjọ́ kan tí kò ní gbóòórùn igi nínú rẹ̀.

Hatanaka dé fìlà rẹ̀ padà, ara sì tù ú. "Àmọ́ ṣá o, ọmọ Tokizo, má ṣe é kó rẹwà ju òṣèré lọ. Alàgbà Isogai tó fẹ́ ṣeré nínú ẹ̀ á bínú, wọ́n á ní kí n wá gbé e jáde."

Tokizo jókòó sábẹ́ ayùn. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó ṣe máa ń wo àwọn bàtà yẹn.

Kuramochi ni wọ́n ń pe olùdarí fíìmù náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú Mineyo wọ inú ilé tí wọ́n kọ́ fún fíìmù náà, tí ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó sì sọ ìtàn náà fún un ní ṣókí. Isogai ni yóò ṣe ọkùnrin kan tó ti jagun fún ìjòyè kan nígbà kan rí, tí ẹ̀jẹ̀ sú, tó wá sá lọ sí abúlé kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ibẹ̀ ní ìwé kíkọ. Idà rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Ó ti lé lógún ọdún tí kò ti fà á yọ. Lópin fíìmù, àwọn jàgídíjàgan á wá halẹ̀ mọ́ abúlé náà, ọkùnrin náà á sì mú idà rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu sọ pé ó ti jáwọ́ nínú ìjà," ni Kuramochi wí. "Pẹpẹ yẹn ni kó sọ ọ́. Ṣé ó yé ẹ?"

Mineyo ní ó yé òun. Kò yé e rárá.

Gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà ló mọ̀ pé idà inú ilé, ojú rẹ̀ ló ń kọ sókè, èèkù rẹ̀ sì máa ń wà lápá òsì ẹni tó bá kọjú sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa idà yọ. Bí èèkù bá wà lósì, àlejò á mọ̀ pé onílé ò fura sí òun. Bó bá wà lọ́tùn-ún, kí àlejò yáa má jókòó pẹ́. Ṣùgbọ́n èèkù tó wà lósì kò ju ohun tí gbogbo ilé ń ṣe lọ, Mineyo sì ń wá ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí kámẹ́rà máa wà ló kọ́kọ́ lọ wò. Kuramochi fẹ́ràn láti gbé kámẹ́rà sílẹ̀ gan-an, bí ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní. Mineyo ní kí Hatanaka jókòó síbi tí Isogai máa jókòó sí, ó gbé igi kan lé orí ìgò méjì lẹ́yìn rẹ̀ dípò idà, ó sì dọ̀bálẹ̀ láti wò ó. Èjìká Hatanaka bo gbogbo rẹ̀. Ó gbé igi náà ga sí i, ó padà wò ó, igi náà wá yọ létí Hatanaka méjèèjì bí ìwo màlúù. Àwọn oníná tó wà lókè rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di irin mú. Hatanaka ní àwọn kan ti ń pe òun ní màlúù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má fi kún un. Mineyo gbé e sọ̀, ó gbé e sókè, títí ó fi rí ibi tó ti jẹ́ pé idà á hàn lókè èjìká ọ̀tún ọkùnrin náà nígbà tó bá tẹrí ba láti kọ̀wé, tí kò sì ní fara hàn nígbà tó bá gbórí sókè. Ó fi ẹfun sàmì sí òpó. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Ó mọ ọ̀ràn ọ̀dà dáadáa. Funfun àti dúdú ni fíìmù náà, pupa á sì di dúdú nínú rẹ̀, torí náà kò sí ohun tí ọ̀dà pupa olówó iyebíye máa ṣe. Ohun tó bá ń dán á ju iná padà sójú kámẹ́rà. Ó kun igi náà tán, ó fi eérú èédú àti èèpo ìrẹsì fọwọ́ pa á títí dídán rẹ̀ fi kú. Ó wá ku ìtẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè bó ṣe yẹ kóun gbẹ́ ẹ. Tokizo mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ojú ẹ ò fọ́," ni ó wí. "Wá ibi tó ti dáa, kó o lọ wò ó."

Ó dun Mineyo. Ó ti retí pé bàbá òun á fún òun ní nǹkan kan, ó kéré tán ìwọ̀n. Ó palẹ̀ àwo mọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó sì lọ nu pẹpẹ inú ilé náà bó ṣe ń ṣe láràárọ̀. Ìbínú yẹn ni kò jẹ́ kó yára. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú ìtẹ́ òsì, ó sì jìn ju bó ṣe rò lọ. Ó fi kan tọ̀tún. Tọ̀tún kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé àtùpà sún mọ́ ọn.

Ìtẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Tòsì gbòòrò, ó jìn, etí rẹ̀ dán, ó sì rọra dà sẹ́yìn. Tọ̀tún mú ṣinṣin bí ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Gbogbo ọdún tó ti ń nu pẹpẹ yìí, kò rí i rí. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, ọ̀rọ̀ náà sì wá yé e kedere. Apá èèkù ni àkọ̀ idà ti nípọn, apá ìdí rẹ̀ ló ti tín-ín-rín. Bàbá àgbà ti gbẹ́ ìtẹ́ òsì kó jìn kí èèkù lè rọra tẹ̀ sílẹ̀, kí idà lè dà bí ohun tó ń sùn. Irú ẹni tó ti jáwọ́ nínú ogun ni bàbá àgbà náà fúnra rẹ̀. Àṣírí ọkùnrin náà nìyí, ó fi pamọ́ sínú igi, kò sọ fún ẹnì kankan. Inú Mineyo dùn débi pé kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ kó rí i nígbà tó bá parí.

Ó fi bébà wọn ìtẹ́ òsì, ó sì gbẹ́ tirẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́. Ní ti ọ̀tún, ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Idà inú fíìmù kì í ṣe irin, ọparun tí wọ́n fi bébà fàdákà wé ni, ó fúyẹ́, ó sì máa ń gbọ̀n tí òṣèré bá rìn kọjá. Bí bàbá àgbà bá ti ṣe tòsì fún ibi tó nípọn, ni ó rò, a jẹ́ pé tọ̀tún ti ibi tó tín-ín-rín ni. Ó ṣe ìtẹ́ ọ̀tún kó fún, kó lè di ìdí àkọ̀ mú dáadáa. Nígbà tó gbé idà ọparun náà lé e, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, idà kò mira.

Tokizo ní kó gbé e wá. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pa ìdí rẹ̀, ó pa òpó, ó wá fi àtàǹpàkò kan ìtẹ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé, ó sì ní kí Mineyo bu tíì wá fún òun. Mineyo bu tíì wá, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹni tó bá mọ Tokizo á mọ̀ pé kí ó má bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan, oríyìn ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà, gbogbo nǹkan sì ń lọ bó ṣe yẹ. Kuramochi wo inú kámẹ́rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n pa iná kan kí idà náà má hàn jù, kó kàn wà níbẹ̀. Èèkù tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lápá òsì, ojú idà kọ sókè, ó dà bí ohun tí kò ní dìde mọ́ láéláé. Isogai wò ó, ó ní ọkàn òun máa ń balẹ̀ tóun bá jókòó síwájú rẹ̀. Hatanaka ń rìn káàkiri ọgbà, ó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé òun ló mú iṣẹ́ náà wá fún Mineyo. Ọkùnrin ọ́fíìsì tó fẹ́ràn àwọn ará Osaka wá wò ó pẹ̀lú, kò rí àléébù kankan, ó sì ní òun á padà wá wò ó lọ́jọ́ ìparí.

Ọjọ́ ìparí náà, Tokizo ní òun á tẹ̀ lé wọn lọ. Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò dé ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù rí. Mineyo fi aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó wá àpótí kan fún un ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jókòó síbẹ̀ láàárín wáyà iná.

Ìran tí wọ́n fẹ́ yà ni ibi tí ọkùnrin náà ti pinnu láti jà. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún Isogai láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ, nípa àlàáfíà, nípa ẹ̀jẹ̀, nípa àwọn ọmọdé abúlé. Isogai kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá Kuramochi, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn yí idà yẹn padà, kí èèkù bọ́ sọ́tùn-ún. Ta ni ò ní mọ ohun tó fẹ́ ṣe?"

Kuramochi gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì jókòó lé e. Ó ní kí wọ́n tan iná.

Isogai dìde lórí ẹní, ó lọ síwájú pẹpẹ, ó gbé idà náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yí i padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀. Ibi tó nípọn lára àkọ̀ kò wọ ìtẹ́ ọ̀tún. Ó kàn jókòó sórí etí ìtẹ́ náà, ìdí àkọ̀ tó tín-ín-rín ń mì nínú ìtẹ́ òsì, idà náà yí gbirigbiri, ó sì já bọ́ sórí ẹní. Isogai mú un, ó tún un gbé, ó tún já bọ́.

Ojú ti Mineyo débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí idà tó kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Pẹpẹ wo ni kì í gba idà lọ́tùn-ún lósì? Pẹpẹ tó burú jù ní Osaka á gbà á. Ọkùnrin ọ́fíìsì náà ti ka ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé. Hatanaka ṣí fìlà.

Mineyo yọ ṣísẹ́lì kékeré tó wà nínú ìgbànú rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ náà. Ó ní kí wọ́n forí ji òun, pé kò ní pẹ́, òun á fẹ ìtẹ́ ọ̀tún.

"Dúró ná," ni Kuramochi wí. "Kí ló dé tó o ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Ì bá parọ́. Ì bá ní òun ṣe é kí idà má baà gbọ̀n, ìyẹn kò sì jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní pẹpẹ kan wà nílé àwọn tí bàbá àgbà òun ṣe, pé bí bàbá àgbà ṣe gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tòsì jìn, tọ̀tún kò jìn, òun sì rò pé òun mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Tokizo ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀. Ó ti dìde lórí àpótí náà, ó di ògiri mú.

"Ọgbọọgba ni bàbá mi gbẹ́ méjèèjì," ni ó wí. "Idà ló jẹ ẹ́. Ó ti pẹ́ lórí ẹ̀, apá kan náà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á gbé e, wọ́n á nù ún, wọ́n á dá a padà. A ò yí i sọ́tùn-ún rí nílé wa."

Ó padà jókòó. Mineyo wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣísẹ́lì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ìtẹ́ òsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ó ti wọn gbogbo ọdún yẹn sórí bébà, ó sì rò pé ọgbọ́n ẹnì kan ni. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó rántí pé Kuramochi ní pẹpẹ náà ni kó sọ̀rọ̀, ohun tí kò yé e lọ́jọ́ yẹn sì wá yé e. Ó fi ṣísẹ́lì padà sínú ìgbànú.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "mi ò ní fẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin inú fíìmù yẹn náà, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé e sósì. Pẹpẹ tiẹ̀ ò yẹ kó gbà á."

Hatanaka mí kanlẹ̀. Ọkùnrin ọ́fíìsì náà fẹ́ sọ̀rọ̀, Kuramochi na ìka kan sókè láìwo ẹ̀yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ sídìí kámẹ́rà, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi Isogai bóyá ó lè tún un ṣe, kó yí idà náà, kó já bọ́, kó sì ṣe ohun tó bá wá sí i lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Isogai gbé idà, ó yí i padà, ó gbé e lé pẹpẹ, pẹpẹ kò gbà á. Ó gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Ó tún un gbé, ó fi ọwọ́ dì í mú síbẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń bẹ ẹnì kan. Nígbà tó yọ ọwọ́, idà náà tún yí. Ọkùnrin náà wá mọ̀ pé kò sí àyè mọ́ fún un níbẹ̀. Ó gbé idà náà, ó fi há ìgbànú, ó tẹrí ba fún pẹpẹ náà, ó sì jáde. Kuramochi kò dá kámẹ́rà dúró. Ó jẹ́ kó máa wo pẹpẹ tó ṣófo títí wọn ò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Isogai mọ́.

Nígbà tí iná kú, Mineyo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Tokizo ń fi apá aṣọ nu imú.

Ọkùnrin ọ́fíìsì náà ní ó dáa, ó dáa, ó sì lọ. Hatanaka dé fìlà rẹ̀, ó kígbe sí àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n lọ wá ibòmíì tọ́jú iná wọn sí, pé ṣọ́ọ̀bù Tokizo ò sí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ju ìbọ̀wọ́ àtijọ́ kan lù ú lórí.

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá àti ọmọ rìn títí wọ́n fi sọdá ojú irin. Ẹni tó ń ta wàrà sóyà ń fun fèrè rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Mineyo wá bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn látàárọ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Tokizo ń wo ilẹ̀ kó má baà kọsẹ̀.

"Ìyá ẹ ló máa ń nu idà yẹn," ni ó wí. "Oṣooṣù, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Ipa ọwọ́ ẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn níbẹ̀ yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kó o fá a kúrò?"

Mineyo di apá rẹ̀ tó bàjẹ́ mú, wọ́n sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú aṣọ ìnulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó lọ síwájú pẹpẹ, ó sì dúró. Nǹkan wà lórí rẹ̀. Ayùn bàbá àgbà ni, tí Tokizo ti tú kúrò nínú aṣọ olóròóró. Eyín rẹ̀ kọ sókè. Èèkù rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Torí pé ìtẹ́ òsì jìn, ayùn náà kò jókòó dáadáa, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí nǹkan tí kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti yàrá kejì, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fẹ́ tíì kó tutù.

Ó gbé aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ ara rẹ̀ sí aṣọ, ó sì mú ayùn náà. Kòtò wà lára èèkù rẹ̀ níbi tí ìka àwọn ọkùnrin méjì ti jẹ ẹ́. Ìka tirẹ̀ kéré sí kòtò náà. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ.